Bí VM Yín Bá Kọ̀ Tí Kò Gbéra: Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Pa Kernel

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà mi. Mo tan VM, ìyẹn kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi, ọ̀rọ̀ ń sáré kọjá, ó ń sáré kọjá, ó wá dúró gbagidi. Mo tẹ kíbọ́ọ̀dù, kò dá mi lóhùn. Nísàlẹ̀ pátápátá, ohun tó kọ síbẹ̀ ni "end Kernel panic - not syncing". Kernel, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, ti kú kí ẹ̀rọ tó gbéra tán.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń ṣe níbí, torí ojoojúmọ́ ni mò ń rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Yábà. Wọ́n á yọ fóònù, wọ́n á ya fọ́tò ìlà ìsàlẹ̀ yẹn, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe é?" Kí n tó rí i, wọ́n ti lọ yí nǹkan mẹ́ta padà nínú config (fáìlì tí a fi ń yan ohun tó máa wà nínú kernel), wọ́n ti tún kernel kọ́ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún ti kú, àmọ́ ikú mìíràn ló kú báyìí. Èwo la wá fẹ́ yanjú nínú méjèèjì?

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. ÌLÀ ÌSÀLẸ̀ KỌ́ LÓ MÁA SỌ OHUN TÓ PA Á. Mo tún un sọ: ìlà ìsàlẹ̀ kọ́! Ohun tó KỌ́KỌ́ bàjẹ́ là ń wá, òkè ló sì máa ń wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Third Mainland láàárọ̀, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ẹ ti Òwòròǹṣòkí gun afárá, ẹ ń lọ sí Erékùṣù, sún kẹrẹ fà kẹrẹ bá mú yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀búté Mẹ́tta. Mọ́tò dúró, ẹ ò lè lọ síwájú, ẹ ò lè padà sẹ́yìn. Ṣé ibi tẹ́ ẹ dúró sí ni nǹkan ti bàjẹ́? Ó tì o. Ọkọ̀ kan ló ti kú síwájú lọ́hùn-ún, lápá Adéníji, ó dí ojú ọ̀nà, ìyókù wá ń to sẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ níbi tẹ́ ẹ wà, tẹ́ ẹ ń yẹ mọ́tò iwájú yín wò, ẹ ò ní rí nǹkan kan, torí kò sí ohun tó ṣe mọ́tò yẹn. Afárá tó gùn ju kìlómítà 11 lọ ni, ọ̀nà sì jìn láàárín ọkọ̀ tó bàjẹ́ àti ọkọ̀ tó jìyà rẹ̀. Bí log kernel, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ń sọ, ṣe rí gan-an nìyẹn. Àwọn ìlà ìsàlẹ̀ ń jìyà ni. Ẹ lọ wá ọkọ̀ tó kú sí iwájú.

Ó dáa. Báwo la ṣe máa rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ ti sáré kọjá, tí kernel tó ti kú kò sì jẹ́ ká yí sikirín padà sókè? Ibí yìí gan-an lẹ ti máa ń ṣì í ṣe, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ níbẹ̀.

Kernel ní ẹnu méjì. Ó lè sọ̀rọ̀ sí sikirín, ó sì lè sọ̀rọ̀ sí ojú ihò serial, ihò àtijọ́ tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde ní ìtòtẹ̀léra. Èyí tó bá sọ sí serial, VM lè kọ ọ́ sínú fáìlì fún wa láti ìlà àkọ́kọ́ títí dé ìlà ìkẹyìn. Iṣẹ́ yìí wá pín sí APÁ MÉJÌ. Apá kìíní wà lọ́dọ̀ kernel: ẹ máa fi console=ttyS0 kún ọ̀rọ̀ tí kernel ń kà nígbà tó bá ń gbéra, kẹ́ ẹ sì yọ quiet, tó ń pa kernel lẹ́nu mọ́, kúrò níbẹ̀. Apá kejì wà lọ́dọ̀ VM fúnra rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń gbé e ró: tó bá jẹ́ QEMU ni, ẹ kọ -serial file:boot.log; tó bá jẹ́ VirtualBox, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Serial Ports, ẹ tan Port 1, ẹ yan Raw File, ẹ sọ ibi tí fáìlì máa wà.

APÁ MÉJÈÈJÌ! Ẹni tó ṣe ọ̀kan tí kò ṣe èkejì ló máa ń wá bá mi pé "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe é, fáìlì ṣófo." Kernel ò sọ̀rọ̀ síbẹ̀ ni, fáìlì á sì ṣófo. Tàbí kernel ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Apá méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́.

Ẹ tún kíyè sí èyí. Tẹ́ ẹ bá fi -kernel gbé bzImage (fáìlì kernel tí a ti fún pọ̀) fún QEMU tààrà, inú -append ni console=ttyS0 máa wà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé orí dísìkì ni VM yín ti ń gbéra, QEMU ò ní gba -append lọ́wọ́ yín rárá, á sọ pé àfi pẹ̀lú -kernel. Nínú GRUB, ètò tó ń gbé kernel dìde láti orí dísìkì, lẹ ti máa ṣe é nígbà náà: tí àwọn orúkọ bá yọ, ẹ tẹ lẹ́tà e, ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, ẹ kọ console=ttyS0 sí ìparí ìlà yẹn, ẹ tẹ Ctrl-X. Kò pa nǹkan kan lára lórí dísìkì, ìgbà kan ṣoṣo ló wà fún.

Tí fáìlì bá sì tún ṣófo lẹ́yìn apá méjèèjì, ó túmọ̀ sí pé kernel kú kí ẹnu rẹ̀ tó là, tàbí pé CONFIG_SERIAL_8250_CONSOLE kò sí nínú rẹ̀. Ẹ fi earlyprintk=serial,ttyS0,115200 kún un, ẹ tún un tàn.

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kernel báyìí ní láti ní kọ̀ǹpútà méjì, kó fi okùn serial so wọ́n pọ̀, kí ọ̀kan máa kú kí èkejì máa gbọ́. Ta ló lówó kọ̀ǹpútà méjì nígbà yẹn? Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé QEMU jáde lọ́dún 2003. KVM, tó ń jẹ́ kí VM lo CPU gidi tààrà, wá wọ inú Linux lọ́dún 2007, nínú ẹ̀dà 2.6.20. Lónìí, láptọ́ọ̀pù tokunbo kan láti Computer Village ní Ìkẹjà ti tó. Ẹ lè pa kernel nígbà ogún láàárọ̀ kan, láptọ́ọ̀pù yín ò ní mọ̀ ọ́n lára. Inú mi máa ń dùn púpọ̀ tí mo bá rántí èyí, ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa méfò nígbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣe tán láti sọ̀rọ̀.

Ó yá, ẹ ṣí boot.log. Ẹ bẹ̀rẹ̀ LÁTI ÒKÈ. Ẹ wá BUG, ẹ wá Oops, ọ̀rọ̀ tí kernel fi ń kéde pé nǹkan bàjẹ́ nínú òun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oops, ẹ máa rí nọ́ńbà nínú àmì báyìí: [#1]. Tí [#2] bá wà, tí [#3] bá wà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jẹ́ẹ́. [#1] ni ọkọ̀ tó kú síwájú. Ìlà RIP tó wà níbẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́ tí kernel ń ṣe nígbà tí nǹkan bàjẹ́. Call Trace sì ni ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Ẹ wá gbé RIP yẹn fún scripts/faddr2line pẹ̀lú vmlinux (kernel tí a kò tí ì fún pọ̀), ó máa sọ fáìlì àti ìlà kóòdù fún yín. Vmlinux o, kì í ṣe bzImage! BzImage ti di fífúnpọ̀, kò sí orúkọ kankan nínú rẹ̀ tí irinṣẹ́ lè kà. Ẹ sì ti gbọ́dọ̀ tan CONFIG_DEBUG_INFO nígbà tẹ́ ẹ ń kọ́ kernel náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní rí ìlà kankan fún yín.

Àmọ́ ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ ikú tí wọ́n ń gbé wá bá mi kì í ṣe Oops rárá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni "VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0)". Ẹ wo nọ́ńbà tó wà nínú àkámọ́ yẹn kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Tó bá jẹ́ òdo àti òdo, kernel ò rí dísìkì kankan tó bá orúkọ tẹ́ ẹ fún un mu. Bóyá root=/dev/sda1 lẹ kọ nígbà tó jẹ́ pé virtio, irú dísìkì tí a ṣe fún VM, ni dísìkì yín, tí orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ vda. Tàbí CONFIG_VIRTIO_BLK àti CONFIG_VIRTIO_PCI wà ní m (module, apá kernel tó wà nínú fáìlì tirẹ̀) dípò y (inú kernel gan-an), tí kò sì sí initramfs, àwọn fáìlì tí kernel ń kọ́kọ́ tú sínú mẹ́mórì: module náà wà lórí dísìkì, dísìkì náà ò sì lè ṣí láìsí module. Ẹ sọ wọ́n di y, ó tán. Tí nọ́ńbà náà kì í bá ṣe òdo, bíi (8,1), èyí tí í ṣe sda1, kernel ti mọ dísìkì tẹ́ ẹ ní lọ́kàn. Ẹ wá wo bóyá ext4, ìlànà tí a fi to fáìlì sórí dísìkì, wà nínú kernel yín, tàbí bóyá partition (apá dísìkì) tẹ́ ẹ pè yẹn wà lóòótọ́. Ṣé ẹ rí i, lókè díẹ̀ sí ibi tí panic wà, kernel fúnra rẹ̀ ti to àwọn partition tó rí sílẹ̀. Ó ti sọ fún yín! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ya fọ́tò ìlà ìsàlẹ̀ ni ẹ ò rí i.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni "Attempted to kill init!" Ẹ má dá kernel lẹ́bi níbẹ̀, init, ètò àkọ́kọ́ tí kernel ń tan, ló kú. Exitcode ni kẹ́ ẹ kà. 0x00000100 túmọ̀ sí pé init fúnra rẹ̀ ló jáde pẹ̀lú 1, ẹ lọ ka script yín. 0x0000000b, segfault ni: init fọwọ́ kan mẹ́mórì tí kò yẹ kó kàn. Tẹ́ ẹ bá wá rí 0x00007f00, tí ìlà kan lókè rẹ̀ sì sọ pé "Fatal glibc error: CPU does not support x86-64-v2", kò sí ohun tó bàjẹ́ rárá: CPU tí QEMU yàn fúnra rẹ̀ ti kéré jù fún irú Linux tuntun tẹ́ ẹ gbé sínú rẹ̀. Red Hat Enterprise Linux 9 àtàwọn ẹbí rẹ̀ ò gba ohun tó kéré sí v2. Ẹ kọ -enable-kvm -cpu host, ẹ tún un tàn, á gbéra.

Mẹ́mórì ńkọ́? Tẹ́ ẹ ò bá kọ -m, MB 128 péré ni QEMU máa fún VM lórí kọ̀ǹpútà wa wọ̀nyí. Initramfs ńlá ò ní gba inú ẹ̀. Ẹ kọ -m 2G. Ó tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kernel ti ara yín látìbẹ̀rẹ̀, tiyín le díẹ̀, torí kernel yín ò tí ì mọ̀rọ̀ sọ. Ó kàn ń padà sí SeaBIOS, ohun àkọ́kọ́ tí QEMU ń fi hàn tó bá tàn, ni, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Triple fault nìyẹn: àṣìṣe lé àṣìṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, CPU wá tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi -no-reboot kún un kó dúró níbi tó ti kú, ẹ yọ -enable-kvm kúrò, ẹ wá kọ -d int,cpu_reset -D qemu.log. Nínú fáìlì yẹn ẹ máa rí v=0e, kẹ́ ẹ wá rí v=08, kí ohun gbogbo tó wó. Èwo ni kẹ́ ẹ mú? Ẹ pariwo ẹ̀ fún mi! V=0E, ÈYÍ ÀKỌ́KỌ́! Page fault ni, CR2 tó wà níbẹ̀ sì ni àdírẹ́sì tí kóòdù yín fọwọ́ kàn tí kò yẹ kó kàn. Double fault tó tẹ̀ lé e, ìyẹn v=08, kàn ń sọ pé IDT yín (àtẹ tó ń sọ ibi tí CPU máa lọ tí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀) ò lè gba èyí àkọ́kọ́ mú ni.

Tí log ò bá tó, ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ máa wò ó ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tan QEMU pẹ̀lú -s -S, á dúró kó tó gbé ẹsẹ̀ kankan. Ẹ ṣí gdb, irinṣẹ́ tí a fi ń wo kóòdù bó ṣe ń ṣiṣẹ́, níbòmíràn báyìí: gdb vmlinux, ẹ kọ target remote :1234, lẹ́yìn náà hbreak start_kernel, lẹ́yìn náà c. Hbreak ni mo sọ, kì í ṣe break, torí kernel ò tí ì tú ara rẹ̀ sínú mẹ́mórì nígbà yẹn. Tó bá jẹ́ break lásán, kernel á kọ ara rẹ̀ lé e lórí nígbà tó bá ń tú. Ẹ sì fi nokaslr kún ọ̀rọ̀ kernel. NOKASLR! Láìsí i, kernel máa ń yí ibi tó ń jókòó sí padà nígbà gbogbo tó bá gbéra, gdb á máa dúró dè é níbi tí kò ní dé.

Ó ku ọ̀kan, àwa tí a wà ní Èkó ló sì kàn jù. Iná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù tokunbo ò gbé e, láptọ́ọ̀pù kú mọ́ VM nínú. Iná dé, ẹ tan VM, ó kọ̀. Ẹ MÁ LỌ TÚN KERNEL KỌ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kernel yín, dísìkì ló fara gbọgbẹ́. Rí i dájú pé VM ti kú pátá, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì qcow2 tó jẹ́ dísìkì VM yín sí ibòmíràn, ẹ wá kọ qemu-img check. Tó bá sọ pé àṣìṣe wà, -r all ló máa tún un ṣe. Tó bá wá jẹ́ pé VM gbéra díẹ̀ tó já yín sí ojú initramfs, fsck -y /dev/vda1 ló kù.

Láti ìgbà yìí lọ, ẹ má fi dísìkì gidi dán nǹkan wò mọ́. Ẹ kọ qemu-img create -f qcow2 -b base.qcow2 -F qcow2 test.qcow2, níbi tí base ti jẹ́ dísìkì gidi yín; ẹ lo test, kẹ́ ẹ fi base sílẹ̀. Tí test bá bàjẹ́, ẹ pa á rẹ́, ẹ ṣe òmíràn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹni tí tiẹ̀ bá ṣì kọ̀, kó fi boot.log ránṣẹ́ sí mi ní odidi, pẹ̀lú àṣẹ QEMU tó lò gẹ́lẹ́ àti fáìlì .config rẹ̀. Odidi o. Mi ò gba fọ́tò.