Àgọ́ Simi Valley àti Ọmọ Mi

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ọmọ mi sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá mi lóhùn. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn dùn mí wọra. Ọ̀rọ̀ Shlomo Bardin ló wá sí mi lọ́kàn.

Júù ni Bardin, ọmọ Zhitomir ní Ukraine. Ó gbé ní Palẹ́sítínì kó tó wá kàwé ní Yunifásítì Columbia ní New York. Ó mọ Louis Brandeis, Júù àkọ́kọ́ tó di adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Ọkàn Brandeis ò balẹ̀ nítorí àwọn ọ̀dọ́ Júù ilẹ̀ yìí: wọ́n mọ̀wé, wọn ò mọ ìran wọn mọ́. Ní 1941, tí Hitler ń pa àwọn Júù ní Yúróòpù, Bardin kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí àgọ́ ìgbà ooru ní Amherst, New Hampshire, láti kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe darí àwọn èèyàn wọn. Ọdún yẹn náà ni Brandeis kú. Nígbà tó di 1947, Bardin ra ilẹ̀ fún àgọ́ náà ní Simi Valley, ìtòsí Los Angeles. Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1976.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé kò fi ìwé ṣáájú. Ó ti wo àwọn ará Denmark, bí ọ̀dọ́ àgbẹ̀ ṣe ń gbé pọ̀ nílé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń kọrin ìlú wọn. Ó ti wo àwọn Júù tó ń dáko pọ̀ ní Palẹ́sítínì. Nítorí náà, àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ń fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Max Helfman ń kọ́ wọn lórin. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á jẹun Sábáàtì pọ̀, wọ́n á kọrin, wọ́n á jó.

Èmi? Kíláàsì ọjọ́ Sátidé ni mo fi ọmọ mi sí. A, b, d lójú pátákó. Ó mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì fi èdè yìí bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà kí wọ́n sì parí ẹ̀. Kò tíì fi gbálẹ̀, kò tíì fi jó.

Ìdílé mẹ́rin ló ti gbà báyìí pé ká kó àwọn ọmọ wa lọ sí irú àgọ́ bẹ́ẹ̀: ọ̀sẹ̀ kan, ìgbà ooru tó ń bọ̀. Ìyá mi ní òun á wá láti Abẹ́òkúta wá pàlọ́ fún wọn. Ó ní kí n ṣáà ti wá ibi tí wọ́n á ti lè dáná igi.