Bí Òrùlé Ṣe Lè Lé Ooru Jáde: Ilé Ẹ̀kọ́ Gando

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ẹ wo àjà ilé inú àwòrán yìí dáadáa. Ìkòkò amọ̀ ni àwọn ihò roboto tí ẹ ń rí yẹn. Àwọn obìnrin abúlé ló kó ìkòkò wọn wá. Wọ́n gé ìdí àti ọrùn rẹ̀ kúrò, wọ́n tò wọ́n, wọ́n sì da kọ́ńkéré yí wọn ká. Nígbà tí kọ́ńkéré náà gan, ihò kọ̀ọ̀kan di fèrèsé kékeré lókè orí. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé, ooru ń gba ibẹ̀ jáde.

Yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ Gando nìyẹn, ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso. Diébédo Francis Kéré ló ya àwòrán rẹ̀, ẹni tó gba ẹ̀bùn Pritzker ní ọdún 2022. Àwọn ayàwòrán ilé kárí ayé ka ẹ̀bùn yẹn sí ohun ńlá, Kéré sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á.

Gando yìí gan-an ni wọ́n ti bí i ní 1965, ọmọ olórí abúlé ni. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ nígbà náà, nítorí náà ọmọ ọdún méje ni nígbà tó fi ilé sílẹ̀ lọ kàwé ní ìlú Tenkodogo. Kíláàsì tó bá níbẹ̀ ṣókùnkùn, ó gbóná, àwọn ọmọ tó há sínú rẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ rántí pé ní Burkina Faso, ooru máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Nígbà tó yá, iṣẹ́ káfíńtà ló gbé e dé Jámánì, ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ síbẹ̀ ní 1985. Lẹ́yìn náà ló wọ yunifásítì ní Berlin láti kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Kò tíì parí ẹ̀kọ́ tó ti ń wá owó kiri láti kọ́lé ẹ̀kọ́ sí abúlé rẹ̀. Ní 2001, ilé náà parí: yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta.

Nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún àwọn ará ilé pé amọ̀ lòun fẹ́ lò, wọn ò gbà. Ẹni tó ti Jámánì dé, amọ̀ ló tún fẹ́ kó bá àwọn! Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àìmọ̀kan. Wọ́n ti rí bí òjò ṣe ń wó ilé alámọ̀. Kéré ní láti dá wọn lóhùn pẹ̀lú iṣẹ́. Ó fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sínú amọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́ di bíríkì tó le. Ó sì na òrùlé jáde gbọọrọ kọjá ògiri, kí òjò má baà máa lù ú. Àwọn ọmọdé ṣa òkúta fún ìpìlẹ̀, àwọn obìnrin pọn omi, wọ́n sì lu ilẹ̀ yàrá títí ó fi le, wọ́n wá fi òkúta dán an.

Ẹ jẹ́ ká dé orí òrùlé wàyí, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n tó wú mi lórí jù wà. Páànù ni, irú páànù tó wà lórí ilé tiwa. Bí oòrùn bá pa páànù, gbígbóná ló ń gbóná. Bí wọ́n bá wá kàn án sórí ilé, tí pákó pẹlẹbẹ sì dí i nísàlẹ̀, ooru á há sáàárín, á máa bọ́ lé ẹni tó jókòó nínú ilé lórí. Fáànù kàn máa ń da ooru yẹn kiri ni.

Ní kíláàsì Gando, bíríkì ni Kéré fi ṣe àjà, kì í ṣe ìkòkò bíi ti yàrá ìkàwé. Wọ́n tò ó láì dí àárín wọn, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá. Ó wá gbé páànù sókè dáadáa lórí férémù irin, tó fi jẹ́ pé atẹ́gùn ń fẹ́ gba àárín páànù àti àjà láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí ìkejì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, òkè ló máa ń lọ. Ó ń gba àlàfo àjà jáde kúrò nínú kíláàsì, atẹ́gùn ń gbé e lọ, afẹ́fẹ́ tó tutù jù ú lọ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé rọ́pò rẹ̀. Bíríkì àjà wúwo, kì í tètè gbóná, nítorí náà ooru páànù kì í ráyè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Kò sí iná mànàmáná ní abúlé náà nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Ilé náà kò sì nílò rẹ̀ kó tó tutù.

Férémù irin yẹn ńkọ́? Kò sí ẹ̀rọ tó lè gbé irin ńlá sókè ní Gando. Rọ́ọ̀dù lásán, èyí tí bíríkìlà ń lò fún òpó, ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n kọ́ àwọn ará abúlé bí wọ́n ṣe ń fi ayùn ọwọ́ gé e, tí wọ́n sì ń jó o pọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ yẹn, àwọn kan lára wọn ń fi jẹun títí di òní. Ní 2004, ilé ẹ̀kọ́ náà gba ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ ilé kíkọ́.

Kéré ti kọ́lé jìnnà sí abúlé rẹ̀ láti ìgbà náà. Ní 2017, ó kọ́ ibi ìgbafẹ́ onígbà díẹ̀ kan sí ọgbà Kensington ní London, òrùlé rẹ̀ da omi òjò jọ sí àárín. Òun náà ló ya ilé aṣòfin tuntun fún orílẹ̀-èdè Benin ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tó fi igi tí àwọn àgbà ń ṣe ìpàdé lábẹ́ rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ti ní irú ọgbọ́n àjà yìí rí. Nígbà tí ewé gbòdògì àti koríko ṣì ń bo ilé, àwọn baba wa máa ń tẹ́ igi, wọ́n á sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ lórí di àjà. Àjà yẹn ń gba ooru dúró, bí iná bá sì jó òrùlé, ẹrù inú yàrá lè yọ. Nígbà tí páànù dé, a fi pákó tín-ín-rín rọ́pò àjà amọ̀. Ó dùn mí, torí pé abẹ́ páànù gan-an la ti nílò àjà tó nípọn.

Kì í ṣe dandan kí ẹ wó ilé yín. Bí ẹ bá fẹ́ pa òrùlé dà lọ́dún yìí, ẹ bi káfíńtà yín léèrè ibi tí ooru abẹ́ páànù máa gbà jáde. Ẹ ní kó ṣí ojú atẹ́gùn sí ìhà méjèèjì lókè, ní ìdojúkọ ara wọn, kó fi nẹ́ẹ̀tì dí i nítorí àdán àti ẹyẹ. Kó sì na páànù jáde kọjá ògiri ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, pàápàá ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń pa ògiri.