Ọkàn Tí Ogun Fọ́, Níwájú Adájọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwúlò ìmọ̀ sàíkọ́lọ́jì fún àlàáfíà àti òfin àgbáyé. Ilẹ̀ á ṣú bá wa níbí tí mo bá ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ dì mú: bí ogun bá ti fọ́ ọkàn ènìyàn, kí ni kí adájọ́ ṣe sí ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, àti sí ìwà tó hù?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1993, ní àgbègbè Vitez ní Bosnia, àwọn ọmọ ogun ẹ̀yà Croat mú obìnrin Mùsùlùmí kan. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ nínú ìwé ẹjọ́; Ẹlẹ́rìí A ni wọ́n ń pè é. Anto Furundžija, ọ̀gá ikọ̀ tí wọ́n ń pè ní Jokers, ló ń da ìbéèrè bò ó, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn nínú wọn ń fi ọ̀bẹ halẹ̀ mọ́ ọn, tó sì fipá bá a lò pọ̀. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ àgbáyé tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ogun Yugoslavia, ní Hague, ní 1998. Àwọn ẹlẹ́rìí ti sọ tẹnu wọn tán kí àwọn agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ tó rí i pé obìnrin yìí ti gba ìtọ́jú ọkàn. Ni wọ́n bá figbe ta: ẹni tí ìpayà ti da ọkàn rẹ̀ rú, ta ló fẹ́ gba ìrántí rẹ̀ gbọ́?

Àwọn adájọ́, tí Florence Mumba ará Zambia ṣe olórí wọn, ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbé kalẹ̀. Àwọn onímọ̀ wá láti ìhà méjèèjì, wọ́n ṣàlàyé bí ìrántí ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tí ẹ̀rù ti bà dé góńgó. Ó lè má rántí ọjọ́, ó lè má mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, síbẹ̀ kí ojú ẹni tó dúró tì í má kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, ilé ẹjọ́ ní kò sí ìdí tí ẹni tó ní PTSD, àìsàn ọkàn tí ìpayà ńlá máa ń fà, kò fi lè jẹ́ ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé. Furundžija gba ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ẹ wá wo àwa níbí: "Lánàá o ní ọjọ́ Ẹtì, lónìí o ní Sátidé, irọ́ lò ń pa!" Ẹjọ́ mélòó ló ti bàjẹ́ báyìí ní àgọ́ ọlọ́pàá?

Ti àlàáfíà ńkọ́? Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Rédíò wà lára ohun tó dáná sun Rùwáńdà ní 1994. Lẹ́yìn náà, Elizabeth Levy Paluck, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì, yẹ eré orí rédíò kan wò, èyí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ fún ìlàjà. Lẹ́yìn ọdún kan, ìgbàgbọ́ inú àwọn tó ń gbọ́ ọ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Èrò wọn nípa ohun tí àwùjọ kà sí ìwà tó tọ́ ló yí. Mo rò pé àwọn tó ń ná owó sórí ìwàásù àlàáfíà kò tíì gbọ́ èyí dáadáa.

Ẹjọ́ kejì ló le jù. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ni Dominic Ongwen nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ LRA jí i gbé lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ní àríwá Ùgáńdà. Ó dàgbà sínú igbó, ó sì di ọ̀gá ogun. Nílé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé, ICC, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ní àrùn ọpọlọ ló ń ṣe é. Òfin Róòmù, ìyẹn àdéhùn tó dá ICC sílẹ̀, fàyè gba àwíjàre bẹ́ẹ̀, bí àrùn bá ti ba agbára ènìyàn jẹ́ débi pé kò lè mọ̀ pé ohun tóun ń ṣe lòdì sófin, tàbí pé kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Àwọn onímọ̀ tí agbẹjọ́rò olùpẹjọ́ pè béèrè pé, ẹni tó ń ṣètò ìkọlù, tí wọ́n ń gbé ga sípò, tí àwọn tó bá a gbé kò rí àmì kankan lára rẹ̀, àrùn wo nìyẹn? Àwọn adájọ́ kò gba ẹ̀rí àwọn dókítà olùjẹ́jọ́; lára ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n da iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ẹni tó ń jẹ́rìí fún kóòtù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ fi etí sí ibẹ̀ yẹn.

Ní oṣù Kejì 2021, wọ́n dá a lẹ́bi ẹ̀sùn 61. Nígbà tó kan ìdájọ́, ìgbà èwe rẹ̀ yẹn ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n gbére: ọdún 25 ni wọ́n fún un. Raul Pangalangan, ọ̀kan lára àwọn adájọ́ náà, ní 30 ló yẹ. Èmi fara mọ́ 25, ṣùgbọ́n mi ò lè wí bẹ́ẹ̀ lójú àwọn tí wọ́n sun ilé wọn ní Lukodi, ọ̀kan lára àwọn ibi tí LRA kọlù.