Òṣogbo Ibùsọ̀: Bí Ọ̀nà Ṣe Kọ́ Ìlú Kan

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ibùsọ̀. Lónìí, máìlì la fi ń pè, a sì tún fi ń pe ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ alárù la ti yá a. Ibi tó ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ kó lè mí ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Òṣogbo ṣe di ìlú ńlá, kó máa ṣọ́ ibi tí ẹrù ti ń sọ̀.

Ìtàn ìtẹ̀dó kò ní gùn lẹ́nu mi, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Láàróoyè àti Tìmẹ́hìn ọlọ́dẹ ń wá omi, wọ́n kúrò ní Ìpolé, wọ́n dé etí Ọ̀ṣun. Igi tí wọ́n gé wó sínú odò, ohùn kan sì ké jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ iṣẹ́ ajé tó wà nínú ìtàn yẹn: òrìṣà odò fúnra rẹ̀, aláró ni! Títí di òní, ìlú aró la ń pe Òṣogbo.

Ogun náà fi kún un. Ní nǹkan bí 1840, ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun ti Ìlọrin níbẹ̀, àwọn tí ogun ti lé kúrò nílé wọn sì ń rọ́ wọlé.

Rélùwéè ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó wọ Òṣogbo ní 1907. Ní 1909 ó ti dé Jẹ́bà, nítorí náà Òṣogbo kò pẹ́ nípò òpin ọ̀nà rárá. Ohun tó pẹ́ ni pé irin yẹn kò yà sí Iléṣà, kò sì yà sí Èkìtì. Ẹni tó bá ní ẹkùrọ́ níhà ibẹ̀, tàbí kòkó nígbà tó yá, Òṣogbo ni yóò gbé e wá. Láti Iléṣà, bíi kìlómítà 30 ni. Ẹ fi orí ru àpò kan wò! Àwọn oníṣòwò òyìnbó bíi John Holt wá pàgọ́ sí Òṣogbo, àwọn ará Síríà àti Lẹ́bánónì sì tẹ̀ lé wọn.

Ọkọ̀ tó kó ẹkùrọ́ lọ kì í bọ̀ lófìfo. Aṣọ ló ń kó bọ̀, àwọn Ìjẹ̀ṣà ló sì mọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe. Wọ́n á gbé e wọ abúlé, wọ́n á tà á láwìn. Nígbà tí ọjọ́ owó bá pé, aláṣọ á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: “Òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi.” Bí Òṣómàáló ṣe di orúkọ nìyẹn. Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Bóyá bàbá àgbà yín wà lára wọn. Àmọ́, báńkì wo ló wà lábúlé nígbà náà? Lójú tèmi, ẹni tó lóṣòó yẹn ni báńkì.

Ní 1933, wọ́n fi ilé iṣẹ́ sìgá kékeré kan dán Òṣogbo wò. Nígbà tó ṣẹnuure, Ìbàdàn ni wọ́n kọ́ èyí tó tóbi sí ní 1937. Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní purọ́.

Lọ́ọ̀rì ló wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìlú yìí. Lọ́ọ̀rì lè gbé kòkó láti Iléṣà kó má sọ̀ títí dé Èkó. Ìgbà tí Òṣogbo di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1991 ni owó oṣù ìjọba wá rọ́pò owó kòkó. Òun náà ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń retí títí dòní.

Nígbà tí mo parí, ọmọbìnrin kan dìde. “Sà, ṣé nǹkan kan ṣì ń sọ̀ ní Òṣogbo?” Mo ní kó gbójú sókè. Wáyà iná ńlá tó ti Jẹ́bà wá, Òṣogbo ló ń wọ̀ kó tó yà lọ sí Ìbàdàn àti Ìbíní. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà. Bí iná bá kú káàkiri orílẹ̀-èdè, àwọn tó jókòó síbẹ̀ ló ń ṣètò bí yóò ṣe padà wá díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, “Òṣogbo ni mò ń gbé, sà. A ò níná látàná.”