Blender lórí Linux: bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀, àti ohun tí a ń ṣe nígbà tí ó bá kọ̀ láti rẹ́ńdà

Ẹ káàbọ̀ o. Ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòrán 3D àti fídíò ni Blender, rẹ́ńdà sì ni kí ó sọ iṣẹ́ náà di àwòrán tó parí. Láti ìgbà tí fídíò mi tó kọjá ti jáde ni ìbéèrè kan ṣoṣo ti ń gba oríṣiríṣi ọ̀nà wọlé sí mi: “Mo gbé Blender sórí Linux, ó ṣí dáadáa, ṣùgbọ́n kò rí káàdì GPU mi,” ìyẹn káàdì tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán nínú kọ̀ǹpútà. Mo ti dáhùn rẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí, nítorí náà n ó ṣe é lójú yín lónìí lórí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń lo Ubuntu àti káàdì NVIDIA.

Dráífà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá káàdì sọ̀rọ̀, ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe Blender. Ẹ ṣí terminal (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ), kí ẹ tẹ lspci -k, kí ẹ sì wá ìlà tí orúkọ káàdì yín wà. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó ti rí “Kernel driver in use”. Bí ohun tó wà níwájú rẹ̀ bá jẹ́ nouveau, a ti mú olè náà nìyẹn. Dráífà nouveau lè gbé ojú kọ̀ǹpútà yín jáde láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n CUDA tàbí OptiX, ọ̀nà méjì tí a fi ń gbé iṣẹ́ fún káàdì, ni Cycles, ẹ̀yà Blender tó ń rẹ́ńdà, máa ń lò lórí káàdì NVIDIA, dráífà tí NVIDIA fúnra rẹ̀ ṣe nìkan ni ó sì ń gbé méjèèjì wá. Lórí Ubuntu, ẹ tẹ sudo ubuntu-drivers install, ẹ jẹ́ kó parí, kí ẹ sì tún kọ̀ǹpútà tàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ nvidia-smi. Bí tábìlì kan tó ní orúkọ káàdì yín àti iye mẹ́mórì rẹ̀ bá jáde, ó ti bọ́ sí i. Bí ó bá sì sọ pé òun kò lè bá dráífà sọ̀rọ̀, ẹ tẹ mokutil --sb-state. Ìdáhùn “SecureBoot enabled” túmọ̀ sí pé kernel, ọkàn Linux gan-an, kò ní gba dráífà tí a kò fọwọ́ sí, pàápàá èyí tí DKMS, ètò tó ń kọ́ dráífà fún kernel, kọ́ lórí kọ̀ǹpútà yín. Nígbà tí ẹ ń gbé dráífà náà sílẹ̀, ó bi yín ní páásíwọ̀dù kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà sì tún tàn, ojú aláwọ̀ búlúù kan yọ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ó ní kí ẹ yan “Enroll MOK”, ìyẹn ni pé kí ẹ forúkọ kọ́kọ́rọ́ tí a fi fọwọ́ sí dráífà náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í dúró kà á. Wọ́n á tẹ ohun tí ọwọ́ wọn bá kọ́kọ́ kàn, wọ́n á sì wá sọ pé Linux kò dára.

Ó yá, Blender wá kàn. Èmi kì í gba èyí tó wà nínú apt, ibi tí Ubuntu ti ń gba ètò, nítorí ó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀dà àtijọ́. Ẹ lọ sí blender.org, ẹ gba fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .tar.xz, kí ẹ fi tar -xf tú u, ó parí nìyẹn. Kò sí gbígbé kalẹ̀ kankan. Fódà tí ẹ tú ni Blender fúnra rẹ̀, ẹ sì lè ní ẹ̀dà mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìjà. Ẹ̀dà 4.2 ni mo ń lò níbí. Oṣù Keje ọdún 2024 ni ó jáde, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣe àtúnṣe sí fún odidi ọdún méjì.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa nìyí: ẹ má fi títẹ àmì ṣí Blender. Ẹ wọ inú fódà náà láti inú terminal, kí ẹ tẹ ./blender. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni Blender tí a fi àmì ṣí, nítorí nígbà tí ó bá kú, ó kú náà nìyẹn, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tó wí kẹ́yìn. Inú terminal ni ó ti ń sọ èyí tó ń dùn ún. Bí kò bá tilẹ̀ ṣí rárá, ẹ tẹ ldd ./blender | grep "not found", yóò sì dárúkọ ohun tó ń wá tí kò rí.

Nínú Blender, ẹ lọ sí Edit, Preferences, System. Lábẹ́ “Cycles Render Devices”, ẹ yan OptiX, kí ẹ sì fàmì sí káàdì yín. Ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń dúró sí! Ibi kejì ṣì wà: nínú Render Properties, ẹ yan Cycles, kí ẹ sì yí “Device” láti CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, sí “GPU Compute”. Ẹnìkan kọ̀wé sí mi pé káàdì tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò yá ju ti àtijọ́ lọ. CPU ni ó fi ń rẹ́ńdà láti ìgbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní káàdì AMD, HIP ni tiyín, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ lórí Linux láti ẹ̀dà 3.2. Bí ẹ bá rí ẹ̀kọ́ tó ń darí yín sí OpenCL, ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń lo káàdì, ó ti gbó, nítorí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú Cycles láti ẹ̀dà 3.0.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan báyìí, kí ó máa lọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo ti pa Blender dé, mo sì ń tẹ èyí:

./blender -b ile.blend -E CYCLES -o //aworan/f_#### -F PNG -s 1 -e 48 -a

Létà -s ni fréèmù (àwòrán kọ̀ọ̀kan inú fídíò) tí a ó fi bẹ̀rẹ̀, -e ni èyí tí a ó fi parí, -a sì ni àṣẹ pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Létà -a gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn, torí Blender máa ń mú àwọn àṣẹ wọ̀nyí ṣẹ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé bí a ṣe kọ wọ́n. Bí -a bá ṣáájú -s, yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó gbọ́ pé fréèmù 48 ni ẹ fẹ́. Ẹ tún wo PNG yẹn. Ẹni tó bá ń rẹ́ńdà tààrà sí fáìlì fídíò ń bí mi nínú, n kò ní purọ́. Èmi náà ti ṣe é rí: kọ̀ǹpútà kú ní fréèmù 190 nínú 250, fáìlì náà kò sì ṣeé ṣí mọ́. Ká ní PNG ni, -s 190 nìkan ni ǹ bá kọ.

Nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n mú àwọn àìsàn tó kù. Bí káàdì bá pòórá lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà jí láti ojú oorun, sudo rmmod nvidia_uvm, lẹ́yìn rẹ̀ sudo modprobe nvidia_uvm, sábà máa ń dá a padà láìjẹ́ pé ẹ tún un tàn. Bí Blender bá kàn parẹ́ tí terminal sì kọ “Killed”, mẹ́mórì kọ̀ǹpútà ló tán, kernel ló pa á. Sudo dmesg yóò jẹ́rìí sí i. Bí ó bá jẹ́ pé mẹ́mórì GPU ló tán, Blender fúnra rẹ̀ yóò sọ ọ́, kí ẹ lọ sí Simplify láti dín títóbi àwọn àwòrán kù.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọ̀ pínkì. Iṣẹ́ dára lórí Windows, ó dé orí Linux, gbogbo ògiri di pínkì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni fáìlì náà wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n Igi.JPG ni orúkọ rẹ̀, igi.jpg sì ni Blender ń wá. Lójú Linux, ènìyàn méjì ni wọ́n. Ọjọ́ méjì ni oníbàárà kan ti fi wá ìdí rẹ̀ kó tó pè mí, mo sì yanjú rẹ̀ kí tíì mi tó tutù.

Ẹ wo terminal, fréèmù 48 ti wọlé. Mo wọ inú fódà aworan, mo sì fi ffmpeg, ètò tó ń sọ àwòrán di fídíò, so wọ́n pọ̀:

ffmpeg -framerate 24 -i f_%04d.png -c:v libx264 -pix_fmt yuv420p ile.mp4

Ẹ má yọ yuv420p yẹn kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò ní lè ṣí fídíò náà. Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni ilé wa, ó ti ń yí lójú yín yìí.