Àlejò ni àbí onílé: ta ló yẹ kó kọ́ èdè ẹnìkejì?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnu ti ń yún mi lórí ọ̀rọ̀ tòní yìí tipẹ́, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́.

Ṣẹ́ ẹ ti kíyè sí i pé ibi tá a bá wà ló ń sọ irú ẹjọ́ tá à ń rò? Tá a bá wà l'Ékòó, a á gbé àyà sókè pé ẹni tó bá wá jẹun nílẹ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá, dandan ni, tí ò bá lè gbọ́ ọ kó máa lọ sílé bàbá ẹ̀. Àwa kan náà, ká kàn wọ bàálù dé London, ohùn ti yí padà, a ti ń ráhùn pé kí ló dé táwọn èèyàn yìí ò lè pe Olúwaṣeun, kí ló dé tí wọ́n ń fi ìdánwò èdè dí wa lọ́nà. Ha! Ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀ jàre.

Tèmi rèé, kẹ́ ẹ má bàa rò pé mo fẹ́ fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún: àwọn méjèèjì ni kó kọ́ ọ. Àmọ́ kò ní dọ́gba. Ẹni tó dé ló máa kọ́ èyí tó pọ̀, torí òun ló ń wá ilé, òun ló ń wá iṣẹ́, òun ló máa ṣàìsàn lóru tó máa ní láti sọ ibi tó ń dun òun. Onílé ní ìwọ̀nba tiẹ̀, ìwọ̀nba yẹn ló sì ń pinnu bóyá èdè máa wọ àlejò lẹ́nu àbí kò ní wọ̀ ọ́ láéláé.

Ti òfin ò le, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní Jámánì, kóòsì tí wọ́n ń ṣe fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wákàtí 600 ni ti èdè nìkan, wọ́n á tún wá fi wákàtí 100 kọ́ wọn ní òfin àti ìtàn ìlú. Ní UK, ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ìlú á ṣe ìdánwò Life in the UK, ìbéèrè 24 láàárín ìṣẹ́jú 45, ó kéré tán kó gba 18, á sì tún fi hàn pé òun gbọ́ èdè. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé òfin wọn ò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni, tẹ́ ẹ bá gbọ́ Welsh, èdè àwọn ará Wales, tàbí Gaelic ti Scotland, ó tó. Ẹ rò ó wò ná, ọmọ Ìjẹ̀bú tó fi Welsh gba pásípọ́ọ̀tì, mo fẹ́ rí i kí n tó kú! Ṣùgbọ́n ẹ ríi pé gbogbo ẹ̀, àlejò ni wọ́n kọjú òfin sí. Kò síbi tí wọ́n ti sọ fún ọmọ Jámánì pé kó lọ kọ́ "ẹ kú iṣẹ́", òfin ò tiẹ̀ lè fipá ṣe ìyẹn, ẹ̀yin onílé fúnra yín ló kù sí lọ́wọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tó dùn. Èjìgbò. Èjìgbò ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ti ń há sínú gosiló l'Ékòó. Ó ti pẹ́ gan-an, láti ayé àwọn bàbá àgbà wọn, táwọn ará ìlú yìí ti ń lọ sí Abidjan, títí dòní bọ́ọ̀sì ń gbéra ní Èjìgbò tó máa gba Benin, Togo àti Ghana kọjá kó tó dé Côte d'Ivoire. Tẹ́ ẹ bá rìn nínú ìlú yẹn ẹ máa gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn tó ń tajà, Faransé tó ń dà wàrà bí òjò, lẹ́nu ìyá tí ò gbọ́ Òyìnbó, tí ò jókòó ní kíláàsì kankan rí. Níbo ló ti kọ́ ọ? Treichville, Adjamé, àwọn àdúgbò kan n'Ábíjàn, ìdí ọjà. Kì í sì í ṣe Faransé nìkan, wọ́n gbọ́ Dioula mọ́ ọn, torí èdè tí wọ́n fi ń nájà níbẹ̀ nìyẹn, ẹni tí ò bá gbọ́ ọ, oníbàárà á kọjá níwájú ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Anago làwọn onílé ń pe Yorùbá níbẹ̀, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn rèé: wọn ò gbé Yorùbá jù sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé tàwọn onítọ̀hún. Àwọn míì tó bímọ s'Ábíjàn tún máa ń fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà nílé kó lọ gbé fúngbà díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tọ́mọ bá gbọ́ Yorùbá ní Manchester kò ní gbọ́ Òyìnbó dáadáa, ẹ dákun, èdè mẹ́ta ló wà lẹ́nu ìyá yìí, orí ò sì fọ́ ọ.

Ẹ tún wá wo Sábó n'Íbàdàn. 1916 ni wọ́n ti ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fáwọn Hausa, obì ló gbé ọ̀pọ̀ wọn wá, wọ́n ń rà á lọ́wọ́ wa, wọ́n ń kó o lọ s'Ókè Ọya. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nìyẹn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń sọ Yorùbá Ìbàdàn débi pé tẹ́ ẹ bá di ojú ẹ ò ní mọ̀, tí wọ́n bá sì bú yín á dùn yín wọra. Ẹ wá bi ará Mọ́kọ́lá tó bá wọn pààlà pé báwo ni wọ́n ṣe ń kí èèyàn láàárọ̀ ní Hausa. Ọ̀pọ̀ wọn á kàn máa wò yín ni. Ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ gbà mí! "Ina kwana" ni, ẹ gbà á, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ wá sún mọ́ ibí dáadáa. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sẹ́ni tí kì í ṣì í ṣe.

Ọmọkùnrin Igbo kan dé ọ̀dọ̀ ìyá aláta ní Bódìjà. Ó ti ń dánra wò láti ilé. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, èló ni tàtàṣé yìí?" Ohùn ò bọ́ sí i, ó gbé e sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé gbogbo èèyàn. Kí ni ìyá ṣe? Ìyá kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó pe ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, "Ìyá Ràṣí, ẹ wá gbọ́ Yorùbá ọmọ Ìbò!" Ó wá yíjú sí i, ó ní, "Na two thousand o, kọ́sítọ́mà." Ó parí. Ibẹ̀ ló kú sí. Ìyá yẹn ò níkà nínú o, ó rò pé òun ń ṣe é lóore ni! Àmọ́ lọ́la, pidgin ni ọmọ yẹn máa gbé wá, lọ́túnla pidgin, ọdún mẹ́wàá pidgin, àwa náà á wá máa sọ pé wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa wọn ò fẹ́ kọ́ èdè wa.

Ẹ MÁ YÍ I SÍ ÒYÌNBÓ. Ṣẹ́ ẹ gbọ́? ẸNI TÓ BÁ FI ÈDÈ YÍN BÁ YÍN SỌ̀RỌ̀, ÈDÈ YÍN NI KẸ́ Ẹ FI DÁ A LÓHÙN, kódà kó ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́.

Ṣẹ́ ẹ ti bá wọn ti dáńfó rí? Èyí tí bátìrì ẹ̀ kú l'Ójúẹlẹ́gbà, tí kọ̀ndọ́ ní kí gbogbo ọkùnrin sọ̀kalẹ̀. Ẹ ó tì í, ẹ ó tì í, òógùn á bo ṣẹ́ẹ̀tì yín, ẹ ó wá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wúkọ́, ó fẹ́ gbà... àsìkò yẹn gan-an kí dírẹ́bà wá tẹ búrèkì! Ṣẹ́ ẹ ò ní fẹ́ gba ojú fèrèsé fà á jáde? Òyìnbó tẹ́ ẹ fi dá ẹni tó ń kọ́ Yorùbá lóhùn, búrèkì nìyẹn. Ó ti ń wúkọ́, ẹ jẹ́ kó lọ!

Kí wá ni kẹ́ ẹ ṣe? Ẹ fèsì ní gbólóhùn kúkúrú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má pariwo mọ́ ọn, kò dití. Tó bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, ẹ kàn pè é dáadáa nínú èsì yín, "tàtàṣé yìí, ẹgbẹ̀rún méjì ni", ó máa gbọ́ ọ, á sì tún tiẹ̀ ṣe láì sẹ́ni tó dójú tì í. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ tó bá wù yín. Ẹ má pe Ìyá Ràṣí.

Àti ọ̀rọ̀ owó! Ẹ dákun, ẹ yé fi "márùndínláàádọ́ta" dẹ́rù ba àlejò. Ẹ̀yin gan-an, ìgbà wo lẹ sọ ọ́ gbẹ̀yìn? Fọ́tì-fáìfù lẹ̀ ń pè é. Òǹkà wa tó jẹ́ pé kéèyàn tó dé 45 á kọ́kọ́ sáré lọ bá 50 kó tó yọ 5 kúrò, ẹ jẹ́ kí ìyẹn dìgbà tí ara ẹ̀ bá balẹ̀. Igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹgbẹ̀rún, ó tó fi ra ọbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àlejò níbòmíì náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ búrèkì mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Jámánì, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé Jámánì yín ń ta kókó, Òyìnbó ni wọ́n máa yí i sí. Ẹ sọ fún wọn, "Auf Deutsch, bitte", ìyẹn ni pé "ní èdè Jámánì, ẹ jọ̀ọ́", kẹ́ ẹ sì dúró lé e. Ẹ má sì sọ ọmọ di agbẹnusọ o, torí ọmọ máa ń tètè gbọ́ èdè ju òbí lọ, làwa náà bá ń fà á dání kiri ọ́fíìsì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó jókòó síwájú dókítà tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ilé ọmọ ìyá ẹ̀, tí ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní èdè kankan, ṣé ìyẹn dáa? Ìyá ò ní lè sọ gbogbo ẹ̀ lójú ọmọ, ọmọ ò ní lè sọ gbogbo ẹ̀ fún dókítà, oògùn tí wọ́n máa wá kọ ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń wá ẹnu wọlé, á ní ti Ghana ńkọ́. Òótọ́ ni. Àwọn ará wa tó wà ní Ghana gbọ́ Twi, wọ́n gbọ́ Ga, ọ̀pọ̀ nínú wọn ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, síbẹ̀ ní November 1969 ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà yẹn, ní ẹni tí ò bá ní ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì ló ní láti fi kúrò nílùú. Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìnísà, Èjìgbò yìí kan náà, wọ́n gba èèyàn títí. Nígbà tó di January 1983, ó kan àwa náà, a lé àwọn ọmọ Ghana, ìyẹn ni báàgì yẹn ṣe di Ghana Must Go. Mi ò ní bá yín jiyàn, èdè kì í ṣe ìwé ìgbélùú, ìjọba tó bá fẹ́ lé èèyàn ò ní béèrè bó ṣe ń kíni. Ṣùgbọ́n lánlọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì, tíṣà ọmọ, ẹni tó ń ta ata, àwọn wọ̀nyẹn lẹ̀ ń rí lójoojúmọ́, kì í ṣe ìjọba.

Ó ku ẹ̀yin onílé. Tẹ́ ẹ bá ní èdè le jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Ọkùnrin tó ń sun súyà lẹ́nu ọ̀nà yín, tẹ́ ẹ ti ń pè ní àbókí láti ọjọ́ tó ti dé, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ nílé wọn o. Ẹ bi í lálẹ́ òní. Ẹ pè é bó ṣe pè é, kì í ṣe bó ṣe rọ̀ yín lọ́rùn, tó bá tún un ṣe fún yín kẹ́ ẹ tún un pè, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ní kó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Hausa pé yájì ẹ̀ ti pọ̀ jù.