Ẹsẹ̀ ti lọ, ọ̀nà rẹ̀ ṣì wà: iná mànàmáná ní ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìmọ̀lára tó ń padà bọ̀

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn ẹbí aláìsàn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìlera ní Ilé-Ifẹ̀. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó o.

Bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ ènìyàn, tí ojú egbò náà ti jinná, tí ẹni náà wá ń ké lóru pé ọmọńdinrín ẹsẹ̀ tí wọ́n gé ń ro òun, kí ni àwọn ará ilé máa ń sọ? Àwọn kan á ní àròjù ni. Àwọn kan á ní bóyá wọn ò sin ẹsẹ̀ yẹn dáadáa. Ẹlòmíràn á gbé e lọ sílé àdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á gbọ́. Òótọ́ ló ń sọ. Ẹsẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń gbà bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ kò bá a lọ. Silas Weir Mitchell, dókítà ará Amẹ́ríkà tó tọ́jú àwọn ọmọ ogun nígbà ogun abẹ́lé wọn, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti 1871.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà náà. Okùn kan wà nínú ihò egungun ẹ̀yìn wa, òun ni mò ń pè ní ọ̀pá ẹ̀yìn, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 lára àgbàlagbà ọkùnrin. Méjì-méjì lọ́nà 31 ni iṣan, ìyẹn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìròyìn láàárín ara àti ọpọlọ, tó ń ya lára rẹ̀, tọ̀tún tòsì. Gbòǹgbò tó wà lápá ẹ̀yìn ló ń gbé ìmọ̀lára wọlé, èyí tó wà níwájú ló ń gbé àṣẹ jáde kí ara lè mira. François Magendie, ará Faransé, fi èyí hàn ní 1822. Létòlétò ni wọ́n sì ń wọlé. Ní ọrùn, iṣan àtàǹpàkò wà lókè, ti ìka àárín tẹ̀ lé e, ti ọmọńdinrín ọwọ́ wà nísàlẹ̀ wọn. Ti ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn pátápátá.

Bí ẹnìkan bá mú fóònù Àdùkẹ́ tó fi pè yín, orúkọ Àdùkẹ́ ni yóò jáde lójú fóònù yín, ẹni yòówù kó mú un dání. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ń ṣe. Bí iṣan àtàǹpàkò bá ti jí, ọpọlọ á ní àtàǹpàkò ni, ì báà jẹ́ àárín ọ̀nà ni ohun tó jí i wà, ì báà má sí àtàǹpàkò níbẹ̀ mọ́.

Ìrora ni wọ́n kọ́kọ́ tìtorí rẹ̀ fi iná sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ní 1965, àwọn olùwádìí méjì, Ronald Melzack àti Patrick Wall, ṣàlàyé pé ìmọ̀lára ìfọwọ́kàn lè dí ìrora lọ́nà nínú okùn yìí. Ní 1967, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Norman Shealy, fi ẹ̀rọ tó ń lo èrò yẹn sára aláìsàn. Láti ìgbà náà ni àwọn aláìsàn ti ń sọ pé bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ yìí, ó máa ń ta àwọn lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀, bí ẹsẹ̀ tó kú ṣe máa ń ta. Títa yẹn gan-an ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà wá gbé yẹ̀ wò.

Ní 2020, wọ́n gbé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ènìyàn 4 tí wọ́n ti gé lápá jáde. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ti àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú ihò egungun ọrùn, lẹ́yìn awọ tó bo okùn náà. Wọn kò gún okùn fúnra rẹ̀. Ojú irin kéékèèké tí iná ń gbà jáde wà lára wáyà. Wọ́n á tan ọ̀kan, wọ́n á béèrè pé, “Níbo lo ti gbọ́ ọ?” Ẹni náà á fi ọwọ́ tó ṣẹ́kù ya ibẹ̀ sórí àwòrán ọwọ́ tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ìka kan nígbà mìíràn, àtẹ́lẹwọ́ nígbà mìíràn. Ọwọ́ tí kò sí mọ́! Bí wọ́n bá fi kún iná náà, ìmọ̀lára á le sí i. Ẹ̀gbẹ́ okùn, nítòsí àwọn gbòǹgbò, ni wọ́n gbé wáyà sí, nítorí ibẹ̀ ni iṣan kọ̀ọ̀kan ti dá dúró.

Iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, tó jáde ní 2023, ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ènìyàn 3 tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún ni. Wọ́n fi ohun tó ń mọ ìtẹ̀ sínú bàtà ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Bí gìgísẹ̀ bá tẹ ilẹ̀, iná á lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹni náà á sì mọ̀ pé òun ti tẹ ilẹ̀. Ìdúró wọn gún sí i, ìrora ẹsẹ̀ tí kò sí náà sì dínkù. Ẹ rò ó wò fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rìn ní Lágere, ní Ifẹ̀ wa níbí, nígbà tí kò sí iná. Ojú ló fi ń wá ilẹ̀. Bí ojú kò bá ríran, ó di ìṣubú.

Mi ò ní tàn yín. Àwọn tí wọ́n dán an wò kò pọ̀, wọ́n sì yọ wáyà náà nígbà tí ìwádìí parí. Títa ni ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀lára náà, kì í ṣe ìfọwọ́kàn gidi, ó sì máa ń kan ibi tó ṣẹ́kù lára apá pẹ̀lú. Owó ẹ̀rọ náà ga. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ yẹn kò ṣàjèjì sí àwọn dókítà ìrora, ìdí nìyí tí mo fi ní ìrètí.

Ìyá kan bi mí pé ṣé iná náà kò ní gbé ènìyàn. Rárá, Mà. Mílíámpíà díẹ̀ ni, ìyẹn iná tó kéré gan-an, bátìrì ló ń gbé e wá, kò bá iná ilé tan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè ohun tí òun lè ṣe fún bàbá òun báyìí. Mo ní kó lọ bá àwọn onífisiotẹ́rápì nípa lílo dígí, ọ̀nà tí onímọ̀ nípa ọpọlọ, V. S. Ramachandran, mú wá ní àwọn ọdún 1990. Wọn á gbé dígí sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, bàbá á máa mi èyí tó wà, á sì máa wo òjìji rẹ̀ nínú dígí ní ipò èyí tó lọ. Ó máa ń dín ìrora àwọn kan kù, kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Mo tún ní kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí bàbá bá ní ó ń ro òun: ìka wo ni, ṣé ó ń jó ni tàbí ó ń ta, aago mélòó ni. Kó mú ìwé náà dání lọ bá dókítà.